Bí A Ṣe Ń Yẹ Aláìsàn Tí Ìrora Ẹ̀yìn Rẹ̀ Dé Ẹsẹ̀ Wò

Kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn náà, ẹ ní kí ó fi ìka kan tọ́ka sí ibi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó dé. Ẹ bi í láìtijú bóyá ìtọ̀ kò jáde dáadáa mọ́, bóyá ìgbẹ́ ń bọ́ lára rẹ̀, tàbí bóyá abẹ́ àti ìdí rẹ̀ ti kú tipiri. Bí èyíkéyìí bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ó lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí ó fi gìgísẹ̀ rìn, kí ó sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, kí ẹ lè mọ ibi tí agbára ti dín kù.

Àyẹ̀wò ẹsẹ̀ gbígbé ni ó gba sùúrù jù. Nígbà tí aláìsàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ orúnkún rẹ̀ kí ó má bàa ká, kí ẹ sì rọra máa gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Bí ìrora bá ta kọjá orúnkún sísàlẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà láàárín ìwọ̀n dígírì 30 sí 70 sí ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kí nǹkan máa fún iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára láti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn itan nìkan bá ń fà, ẹran itan tí ó le lè fa èyí, àwọn tí ń kánjú sì sábà máa ń ṣì í mú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tí kò ní ìrora náà sókè: bí ó bá ru ìrora ẹsẹ̀ kejì sókè, ẹ̀rí náà túbọ̀ lágbára.