Ẹ Yé Gbọ́kàn Lé Dúdú Tẹ́ Ẹ Fi Pa Nọ́ńbà Yín: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Sikirínṣọ́ọ̀tì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára gan-an. Ẹ̀gbọ́n kan nínú gúrúùpù WhatsApp wa fẹ́ fi hàn pé òun ti san owó àjọ, ó ya ojú láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀, ó fi pẹ́ẹ̀nì dúdú pa nọ́ńbà àkáǹtì ẹ̀ àti iye tó kù síbẹ̀, ó wá jù ú sínú gúrúùpù téèyàn tó wà níbẹ̀ lé ní igba. Mo ṣí fọ́tò yẹn lórí fóònù mi, mo kàn fa ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sókè ni o, gbogbo nọ́ńbà yẹn yọ síta kedere. Kíá ni mo pè é pé ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè yọ nǹkan yẹn kúrò.

Pẹ́ẹ̀nì tí wọ́n lò yẹn, háíláítà ni. Wọ́n dìídì ṣe háíláítà kó máa jẹ́ ká rí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni. Ẹ lè fi pa ojú kan lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀marùn-ún kó dúdú kirikiri lójú yín, àmọ́ dúdú tó wà lórí nọ́ńbà àti dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò dọ́gba, ìyàtọ̀ yẹn ṣì wà nínú fáìlì náà kójú tó rí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bo nǹkan, ẹ ṣí fọ́tò yẹn nínú Paint, ẹ mú àpótí onígun mẹ́rin, níbi tí wọ́n kọ Fill sí kẹ́ ẹ yan Solid color, ẹ wá fi bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àpótí yẹn gùn ju nọ́ńbà náà lọ, kẹ́nikẹ́ni má baà fi gígùn ẹ̀ mọ iye dígíìtì tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ nọ́ńbà di onígun mẹ́rin kéékèèké bíi táìlì, èyí tí wọ́n ń pè ní pixelate ńkọ́? Èyí gan-an ló ń tan èèyàn jẹ jù, torí ojú ò lè kà á lóòótọ́. Ní 2022, Dan Petro tó ń ṣiṣẹ́ ní Bishop Fox, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, gbé irinṣẹ́ kan jáde tó ń jẹ́ Unredacter, ohun tí wọ́n ti sọ di táìlì báyìí ló máa ń kà. Kò sídán níbẹ̀ o. Táìlì kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà pa gbogbo àwọ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ pọ̀ ni, ó wá fi èyí tó já sí kùn ún. Ẹni tó bá mọ irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́ á kàn máa dán nọ́ńbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á sọ tiẹ̀ náà di táìlì, títí èyí tó bára mu fi máa jáde. Nọ́ńbà àkáǹtì wa ò sì ju dígíìtì 10 lọ, BVN àti NIN ò ju 11 lọ, ojú kọ̀ọ̀kan ò sì lè ju láti 0 dé 9, ẹ ò wá rí i pé iṣẹ́ yẹn ò pọ̀.

Gígé ńkọ́? Gígé dáa, èmi náà máa ń gé e, àmọ́ ẹ má gé e sórí fáìlì ti tẹ́lẹ̀. Lóṣù Kẹta 2023, Simon Aarons àti David Buchanan fi hàn pé fọ́tò tí wọ́n bá gé lórí fóònù Pixel ti Google, ibi tí wọ́n gé sọ nù ṣì máa ń ṣẹ́ kù sínú fáìlì, torí fáìlì kékeré ni wọ́n kọ lé ńlá lórí tí wọ́n ò sì gé ìrù ńlá yẹn dà nù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé Snipping Tool, irinṣẹ́ tí Windows 11 fi ń ya ojú kọ̀ǹpútà, náà ń ṣe é. Wọ́n ti tún méjèèjì ṣe, àmọ́ àwọn fọ́tò táwọn èèyàn ti fi síta kí wọ́n tó tún un ṣe ò lè tún ara wọn ṣe o. Nínú Word àti PowerPoint ẹ̀wẹ̀, tẹ́ ẹ bá gé fọ́tò, ṣe ló kàn fi apá yòókù pa mọ́, ẹni tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ sí lè fà á padà, àyàfi tẹ́ ẹ bá wọ Compress Pictures kẹ́ ẹ ní kó pa ibi tẹ́ ẹ gé rẹ́.

Ẹ má sì máa ya gbogbo ojú kọ̀ǹpútà nígbà tó jẹ́ igun kan lẹ nílò. Mo ti rí tẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan nípa Excel, táàbù tó ṣí lókè sì ń sọ oògùn tó ń wá fún gbogbo ayé. Lórí Windows, ẹ tẹ Windows, Shift àti S, ẹ fa ibi tẹ́ ẹ fẹ́. Alt pẹ̀lú PrtSc, ìyẹn bọ́tìnnì Print Screen, á mú fèrèsé (window) kan ṣoṣo tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀. Lórí Mac, Command, Shift àti 4 ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà, ìlà yíyí tó ń wà lára ẹ̀ ni ò jẹ́ ká rí nǹkan kà. Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi yà á, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ bíi PNG, irú fáìlì fọ́tò tí kì í ba lẹ́tà jẹ́, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, kó má baà fún un pọ̀ kí lẹ́tà wá ṣú.

Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù ni ti kàfé, níbi táwọn ọmọ wa ti ń ṣí NIN wọn. Ẹ tẹ PrtSc nìkan, ẹ rò pé kò sí níbì kankan mọ́, àmọ́ tí wọ́n bá ti tan clipboard history, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ohun tẹ́ ẹ bá dàkọ sí, sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yẹn, ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn yín á tẹ Windows àti V, fọ́tò yín ló máa kọ́kọ́ rí. Ẹ tẹ Windows àti PrtSc, ó ti wọnú Screenshots tó wà nínú Pictures nìyẹn, Snipping Tool ti Windows 11 náà sì máa ń tọ́jú tiẹ̀ síbẹ̀ láìbéèrè. Torí náà, kẹ́ ẹ tó dìde lórí àga yẹn, ẹ wọnú Screenshots kẹ́ ẹ pa á rẹ́, ẹ da Recycle Bin nù, ẹ wá tẹ Windows àti V kẹ́ ẹ fọwọ́ sí Clear all.