Báńkì Fún Yín Lówó Ìkẹ́rù Lẹ́yìn Short Sale: Bí Ẹ Ṣe Máa Yanjú Owó Orí Rẹ̀

Bí gbèsè ilé bá ju iye tí wọ́n lè ta ilé náà lọ, báńkì ní Amẹ́ríkà lè gbà kí ẹ tà á ní iye tí ọjà gbé e sí. Òun là ń pè ní short sale. Báńkì míì á tún fún yín lówó láti fi kẹ́rù, kí ẹ lè tètè jáde ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ má kà á sí ẹ̀bùn o. Owó orí sábà máa ń wà lórí rẹ̀.

1. Ẹ wo ẹni tó sanwó. Bó bá jẹ́ pé ìjọba ló lé yín kúrò nítorí títì tàbí afárá, tó sì sanwó ìkẹ́rù lábẹ́ òfin 1970 tó wà fún irú ẹ̀, owó orí kò sí níbẹ̀. Owó tí báńkì fúnra rẹ̀ san kí ẹ lè jáde kò sí lábẹ́ òfin yẹn.

2. Ẹ ya owó ìkẹ́rù sọ́tọ̀ kúrò lára gbèsè tí wọ́n fi jì yín. Ibí ló ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ká ní ẹ jẹ $220,000, ilé tà ní $180,000, báńkì fi $40,000 tó kù jì yín, ó sì fún yín ní $5,000 láti fi kẹ́rù. $40,000 máa wà lórí 1099-C, fọ́ọ̀mù tí báńkì fi ń sọ fún yín àti fún àwọn agbowó orí pé wọ́n fi gbèsè jì yín. $5,000 máa wà lórí 1099-MISC, fọ́ọ̀mù fún oríṣiríṣi owó míì tó wọlé, nínú àpótí kẹta.

Ọ̀nà àbáyọ wà fún $40,000. Bí gbogbo gbèsè yín bá jẹ́ $260,000 kó tó di pé wọ́n fi jì yín, tí gbogbo ohun tí ẹ ní, ilé, mọ́tò, owó ìfẹ̀yìntì, kò ju $215,000 lọ, gbèsè yín fi ó kéré tán $45,000 ju ohun tí ẹ ní lọ. Nítorí náà, Fọ́ọ̀mù 982, tí ẹ máa fi mọ́ ìwé owó orí yín, lè yọ $40,000 náà kúrò pátápátá lára owó tí wọ́n máa gba owó orí lé. Ẹ̀tọ́ míì wà fún ilé tí ẹ ń gbé gan-an, bí wọ́n bá ti fi gbèsè náà jì yín kí 2026 tó wọlé, tàbí tí àdéhùn rẹ̀ ti wà lákọsílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ṣùgbọ́n Fọ́ọ̀mù 982 kò kan $5,000 yẹn rárá, bó ti wù kí gbèsè wọ̀ yín lọ́rùn tó.

3. Ẹ kọ $5,000 náà sílẹ̀. Orí Schedule 1, ìyẹn àfikún ìwé owó orí yín (Form 1040), ìlà 8z, ni ẹ máa kọ ọ́ sí. Bí fọ́ọ̀mù kankan kò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

4. Ẹ má yọ owó ọkọ̀ ìkẹ́rù kúrò. Láti 2018 ni òfin ti gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn sójà tí wọ́n ń gbé kiri nítorí iṣẹ́ wà lára àwọn díẹ̀ tó ṣì ní in.

5. Ẹ fi owó díẹ̀ pa mọ́. Ẹni tó wà ní ìpele owó orí 12% máa san $600 lórí $5,000 fún ìjọba àpapọ̀. Àwọn ará wa tó wà ní Texas bọ́ lọ́wọ́ owó orí ìpínlẹ̀. Àwọn ti Maryland ṣì máa san tiwọn.

Ohun kan ṣì kù: bí báńkì bá fi 1099-NEC ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe kíákíá. Fọ́ọ̀mù àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn nìyẹn, ó sì lè fa owó orí 15.3% míì tó wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, tí kò kàn yín.