Bí mo ṣe ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn mi

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́. Ọdún kẹrin rèé tí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ti wà létí mi. Bátìrì oní-nọ́ńbà 13 ló ń lò, èyí tí bébà ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn. Ẹ má ṣí bébà náà àfi tí ẹ bá fẹ́ lò ó, torí afẹ́fẹ́ ló ń jí i. Bí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn padà, kò ní sùn mọ́. Ẹ jẹ́ kó fẹ́ afẹ́fẹ́ bí ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó fi sínú ẹ̀rọ.

Lálẹ́, mo máa ń ṣí ojú ilé bátìrì sílẹ̀ kí òógùn lè gbẹ. Mo ń yọ ẹ̀rọ náà kí n tó wẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ló ń dùn mí jù. Mo bá ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún méjì, tó ṣa bátìrì tó ti kú láàárín bọ́tìnnì mi, ó ti ń gbé e lọ sẹ́nu. Ẹ̀rù bà mí gan-an! Agolo onídèérí lórí àjà ni mo ń kó wọn sí báyìí. Bí ọmọ bá gbé bátìrì mì, tàbí tó fi sínú imú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí kò bá sunkún: láàárín wákàtí 2, bátìrì náà lè jó ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má fipá mú un bì. Ẹ mú páálí bátìrì náà dání fún dókítà.