Ọmọ Èkìtì tó fẹ́ kó ọjà fún sítọ́ọ̀ ńlá l'Amẹ́ríkà, EDI rèé o

Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń bi mí nípa EDI (Electronic Data Interchange, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ méjì fi ń kọ̀wé ọjà síra wọn) ti ń pọ̀ sí i, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà tí ẹbí wọn ń lọ èlùbọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí tí wọ́n ń di ìyẹ̀fun iyán sínú ọ̀rá l'Adó, wọ́n ti ń tà á fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ọmọ Áfíríkà ní Houston àti Maryland, ó ń lọ dáadáa, ni sítọ́ọ̀ ńlá kan bá ní òun náà fẹ́. Inú gbogbo ilé á dùn. Íméèlì tó máa tẹ̀lé e ló máa ń da ọkàn wọn rú, pé ẹni tí ò bá lè gba ọ́dà lórí EDI, àwọn ò ní lè bá a ṣòwò. Bí wọ́n bá ti rí ìyẹn, wọ́n á sáré lọ ra sọ́fítíwíà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. EDI yìí, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà yín ní Houston ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń di páálí nílé l'Èkìtì ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ni EDI gan-an? Kọ̀ǹpútà sítọ́ọ̀ ló ń kọ̀wé sí kọ̀ǹpútà tiyín, kò sí ẹni tó ń tẹ nǹkan kan láàárín. Ọ́dà, ìwé owó, ìròyìn pé ẹrù ti gbéra, gbogbo ẹ̀ ló ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, lẹ́tà àti nọ́ńbà pẹ̀lú àmì ìràwọ̀ láàárín wọn, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á rò pé fáìlì náà ti bàjẹ́ ni. Bí àrokò ayé àtijọ́ ló rí: ẹni tó di í àti ẹni tó gbà á ti jọ mọ ohun tí iye owó ẹyọ tó wà nínú ẹ̀ ń sọ, tẹ́ ẹ bá yọ ẹyọ kan kúrò, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Edward Guilbert, sójà Amẹ́ríkà kan, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé ó bẹ̀rẹ̀ irú èrò yìí nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó oúnjẹ lọ sí Berlin ní 1948, torí ẹrù pọ̀ yamùrá, ó sì di dandan kí gbogbo èèyàn máa kọ ìwé ẹrù lọ́nà kan náà. Ní 1979 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ X12 sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà, ìlànà tiwọn sì ni àwọn sítọ́ọ̀ ibẹ̀ ń lò títí dòní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé London rí, ẹ má fi tọ̀hún wọn tibí o. EDIFACT ló wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, àwọn kan ní UK ṣì ń lo TRADACOMS tó ti wà tipẹ́, orúkọ ìwé yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ń tò ó náà yàtọ̀.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ìwé kọ̀ọ̀kan nínú X12. 850 ni ọ́dà, 860 ni tí wọ́n bá yí ọ́dà padà, 855 lẹ fi ń dáhùn pé ẹ gbà láti kó iye tí wọ́n kọ wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá. 856 ni ìròyìn ẹrù, ASN ni wọ́n sábà máa ń pè é. 810 ni ínfọ́ìsì, 820 sì ni ìwé tó ń ṣàlàyé owó tí wọ́n san. Ọ̀kan ṣì wà tó ń tan èèyàn jẹ gan-an, 997 ni. Tẹ́ ẹ bá fi 810 ránṣẹ́ tí 997 sì padà wá, ohun tó ń sọ ò ju pé fáìlì yín dé àti pé wọ́n rí i kà. Kò sọ pé wọ́n gba owó tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, kò sọ pé wọ́n máa san án. Bákan náà ló ṣe jẹ́ pé 997 tẹ̀yin fi ránṣẹ́ lórí ọ́dà wọn kì í ṣe ìdáhùn pé ẹ lè kó ọjà, 855 ló ń ṣèyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ máa wò ó lójoojúmọ́ bóyá 997 padà wá lórí gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, torí èyí tí kò bá padà wá, ó ṣeé ṣe kó má dé rárá, ẹ̀yin á jókòó máa retí owó ínfọ́ìsì tí ẹnikẹ́ni ò rí.

Ó yá, ibi tí owó ti ń ṣòfò jù lọ rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Nínú 850 ẹ máa rí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ báyìí: PO1*1*40*CA*48.00. Ìlà kìíní, ogójì, CA ni páálí, dọ́là 48 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ EA ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹyọ ni, ìyẹn ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Ká ní ọ̀rá 12 ló wà nínú páálí yín, 40 CA jẹ́ ọ̀rá 480, 40 EA sì jẹ́ páálí mẹ́ta àti ọ̀rá mẹ́rin tí ò ní páálí. Àwọn tó ń ka ọjà ní ọ̀rá-ọ̀rá nílé tí sítọ́ọ̀ sì ń kà á ní páálí-páálí, ìdààmú ń bọ̀ níwájú wọn, torí ínfọ́ìsì á lọ pẹ̀lú CA, ASN á lọ pẹ̀lú EA, kọ̀ǹpútà ọ̀hún á fi wọ́n wé ara wọn, kò ní í pè yín, kò ní í bi yín pé ẹ̀yin ará kí lẹ ní lọ́kàn, á kàn dá owó náà dúró. Ohun mẹ́ta ló ń fi wéra: ọ́dà tí wọ́n kọ, ẹrù tó wọlé, ínfọ́ìsì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, owó á jáde.

Ìdí tí mo fi ní Èkìtì ló ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Tẹ́ ẹ bá ra gààrí l'Ọjà Bísí, ìyá tó ń tà á á fi èènì sí i, èèyàn dáadáa ni, ẹ̀yin náà ẹ ó padà sọ́dọ̀ ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń di páálí l'Adó náà, tí wọ́n bá rí i pé àyè ṣẹ́kù, wọ́n á fi ọ̀rá kan kún un, ọ̀rá 13 nínú páálí tí wọ́n kọ 12 sí. Kò sí èènì nínú EDI o. Lójú kọ̀ǹpútà àṣìṣe ni 13, bí 11 ṣe jẹ́ àṣìṣe. Ẹ bá wọn jókòó, ẹ ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú ìfẹ́, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ahun lẹ fẹ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dì í, kí ẹlòmíì tún un kà kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ìwọ̀n náà ńkọ́, kọ́ńgò ò wúlò níbí, sìkéèlì ni, ìwọ̀n tó wà lára ọ̀rá sì gbọ́dọ̀ wà ní páùn àti ní kílò pọ̀ lójú òfin Amẹ́ríkà.

Ẹ wá fi bákóòdù sí i. GS1, àjọ tó ń bójú tó bákóòdù káàkiri ayé, ló ń fúnni ní nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀, GS1 Nàìjíríà wà, 615 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Àwọn kan á sọ fún yín pé 615 ò ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, kì í ṣòótọ́, láti 2005 ló ti yẹ kí ẹ̀rọ sítọ́ọ̀ ibẹ̀ máa ka nọ́ńbà tó ní díjíìtì 13 bó ṣe ń ka tiwọn tó ní 12. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni pé nínú fáìlì EDI, UP ni wọ́n ń kọ síwájú nọ́ńbà 12, EN ni wọ́n ń kọ síwájú 13, tẹ́ ẹ bá ki nọ́ńbà 13 bọ ibi UP wọ́n lè dá a padà. Ẹ má ra bákóòdù àlòkù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì torí pé ó pọ́ọ́kú, sítọ́ọ̀ ńlá máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ yín ló wà lórí ẹ̀. Ọ̀rá kílò kan àti ọ̀rá kílò méjì ò lè jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Páálí náà ní nọ́ńbà tiẹ̀, díjíìtì 14 ni, ó sì tún ní nọ́ńbà díjíìtì 18 kan tí wọ́n ń pè ní SSCC tó gbọ́dọ̀ yàtọ̀ lórí páálí tàbí pálẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tó bá jáde. SSCC yìí ló so lébẹ́ẹ̀lì ara páálí mọ́ ASN. Inú ASN ẹ máa to gbogbo ẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀: ẹrù lápapọ̀, ọ́dà tó wà fún, páálí, ọjà inú páálí. Ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí tírélà tó dé, ẹni tó bá fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti já ẹrù ti pẹ́.

Ọ̀nà ìsopọ̀ wá ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ní ọ́dà díẹ̀ lóṣù, ẹ lo èyí tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù, ẹ máa wọlé síbẹ̀, ẹ ka ọ́dà, ẹ tẹ ASN àti ínfọ́ìsì fúnra yín. Àwọn iléeṣẹ́ bíi SPS Commerce àti TrueCommerce ń bá èèyàn ṣe é. AS2, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà yín á máa bá tiwọn sọ̀rọ̀ tààrà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí ọjà bá pọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ló máa ń yé jù. Wọ́n á béèrè nọ́ńbà D-U-N-S lọ́wọ́ yín, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá iléeṣẹ́ mọ̀, díjíìtì mẹ́sàn-án ni, ọ̀fẹ́ lẹ ti máa gbà á lọ́dọ̀ Dun & Bradstreet, ẹ má san owó fún ẹni tó bá ní òun á bá yín gbà á. Wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ dán fáìlì wò kí ọ́dà gidi tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà, yàtọ̀ pátápátá sí EDI àmọ́ ẹrù yín ò ní wọlé láìsí i: nọ́ńbà NAFDAC ò rọ́pò ẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń di oúnjẹ náà l'Èkìtì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń tún ìforúkọsílẹ̀ náà ṣe láàárín October sí December ní gbogbo ọdún tó bá jẹ́ 2024, 2026, 2028 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ gba ìwé ìlànà EDI wọn àti ìwé ìlànà ìkẹ́rù wọn, ẹ kà á tán. Ibẹ̀ ni owó ìtanràn wà. Walmart fún àpẹẹrẹ, láti 2017 ni wọ́n ti ń bu 3% lórí iye ọjà tí kò dé lásìkò tàbí tí kò pé, ẹni tí èrè ẹ̀ lórí èlùbọ́ ò tó nǹkan á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wo ọjọ́ ìsanwó náà, tí wọ́n bá kọ Net 60, ọgọ́ta ọjọ́ ni, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ tó gbé iṣu wá láti Ìkọ̀lé ò ní dúró dìgbà yẹn, ẹ rí i pé owó ọjà ẹ̀ẹ̀kejì wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba ọ́dà àkọ́kọ́. Tí 820 bá dé, ẹ fi wé 810 yín ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo owó tí wọ́n yọ ló ní kóòdù tó ń sọ ìdí ẹ̀, ẹ wá ìtumọ̀ ẹ̀ nínú ìwé wọn, tẹ́ ẹ bá sì ní ẹ̀rí pé ẹrù pé, ìyẹn ASN, 997 tó padà wá lórí ẹ̀ àti ìwé tí awakọ̀ fọwọ́ sí, ẹ kọ̀wé béèrè owó yín padà lójú ẹsẹ̀, torí wọ́n máa ń dá ọjọ́ tí wọn ò ní gbọ́ ẹjọ́ mọ́.