Bí ẹ ṣe máa fi rẹ́díò tuntun sínú mọ́tò àtijọ́ láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé sọ́kẹ́ẹ̀tì yín

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí jù. Mọ́tò tí mo kọ́kọ́ ní, mo gbé e fún rewáyà kan pé kó bá mi fi rẹ́díò tó ń gba USB sí i, mo ní kí n sáré lọ jẹ àmàlà, àfi bí mo ṣe padà dé tí bọ̀ọ̀dá yìí ti fi páláyà gé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá mọ́tò dé látilẹ̀, ó ti fi eyín họ ara wáyà, ó lọ́ wọn pọ̀, ó wá fi nylon pure water wé e. Rẹ́díò kọrin o, mi ò purọ́, mo tiẹ̀ tún fún un lówó ọtí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì mo yí kọ́kọ́rọ́, ta-ta-ta-ta, bátìrì ti kú. A tì í. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Mo ra bátìrì tuntun, ìyẹn náà kú. Ó lé lóṣù kan kí ẹlòmíì tó bá mi rí i pé ojú kan náà ni wọ́n lọ́ wáyà pupa àti wáyà yẹ́lò mọ́, rẹ́díò ò sì sùn rí lóru.

Nígbà tí mo wá ra Corolla 2003 tí mò ń wà báyìí, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, tí rẹ́díò inú ẹ̀ kì í kọ CD mọ́, ńṣe ló ń gbé e mì, mo ní ọwọ́ ara mi ni màá fi ṣe é. Ó gbà mí bíi wákàtí 3 torí ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tí mo bá àbúrò mi ṣe tiẹ̀, kò tó wákàtí kan. Corolla ni màá máa tọ́ka sí, ṣùgbọ́n Camry Big Daddy àti Sienna ayé ìgbà yẹn, wáyà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ihò tí rẹ́díò yẹn wà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa gbọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á ni single DIN àti double DIN, Jámánì ni DIN yìí ti wá. Single fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18, gíga rẹ̀ jẹ́ 5. Double náà fẹ̀ tó 18, gíga tiẹ̀ jẹ́ 10. Ibi tó ti ń dojú rú ni pé ihò Toyota ò jẹ́ 18, 20 ni, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí Corolla tí àlàfo wà lọ́tùn-ún lósì rẹ́díò rẹ̀, bí ẹni pé mọ́tò ọ̀hún ká eyín. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé ẹ fẹ́ frame ti Toyota pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sọ pé "ó máa wọlé bẹ́ẹ̀". Á wọlé lóòótọ́, á sì máa mì bí eyín àgbà.

Ohun kejì tí ẹ máa rà, tí èmi gan-an ka sí ju rẹ́díò lọ, ni sọ́kẹ́ẹ̀tì àdàpítà Toyota. Méjì ni, ọ̀kan ní ihò 10, èkejì ní ihò 6. Ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nínú mọ́tò yín ló máa wọ̀, wáyà tiẹ̀ sì lẹ máa so mọ́ ti rẹ́díò tuntun, kò sí pé ẹ ń gé nǹkan kan nínú mọ́tò. Ní Ládípọ̀, ní Alábà, ní Gate n'Íbàdàn, ẹ máa rí i, owó rẹ̀ ò sún mọ́ owó bátìrì rárá. Ẹ ra tépù dúdú tó dáa, ẹ ní súpánà 10, súkúdíráífà star, àti tester oníná kékeré tí àwọn rewáyà ń lò.

Ní ti rẹ́díò fúnra rẹ̀, kí ẹ̀yin ra èyí tí agbára yín ká. Ẹ má kàn jẹ́ kí "50W × 4" tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú rẹ̀ wọ̀ yín lójú, rẹ́díò tí kò ní amplifaya (ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára) lọ́tọ̀, bó bá fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ní bíi 20W láìdáwọ́dúró, ó ti gbìyànjú. Ẹ sì ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ tó wá láti Japan, FM àwọn tó ti pẹ́ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ láti 76, ó parí sí 90. Radio Lagos wà lórí 107.5, Amúlùdùn wà lórí 99.1, ẹ ò ní gbọ́ èyíkéyìí níbẹ̀, ẹ ó kàn máa yí nọ́ńbà kiri ni.

Ó yá, wáyà. Ẹ má ṣe ibí yìí nínú mọ́tò o. Orí tábìlì nínú ilé ni, kí ẹ jókòó, kí iná mọ́lẹ̀ dáadáa, torí ẹni tó bá dorí kodò lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù nínú oòrùn, kò ní pẹ́ tó fi máa so nǹkan tó wù ú mọ́ nǹkan tó wù ú.

Wáyà rẹ́díò tuntun, bí èyí tí ẹ rà bá tẹ̀ lé àwọ̀ tí gbogbo ayé ń lò: yẹ́lò ni iná tó máa ń wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, òun ló ń jẹ́ kí rẹ́díò rántí aago àti stéṣọ̀n. Pupa ni iná tó ń wá nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ACC, ibi tí rẹ́díò ti ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ tan ẹ́ńjìnnì, òun ló ń jí rẹ́díò tó sì ń mú un sùn. Dúdú ni earth, èyí tó ń lọ sára irin mọ́tò. Búlúù wà fún àńtẹ́nà, búlúù onílà funfun sì wà fún amplifaya. Ọ́rẹ́ńjì ń mú iná bọ́tìnì wálẹ̀ lálẹ́. Àdàpítà tí ẹ rà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní àwọ̀ yìí kan náà, yẹ́lò mọ́ yẹ́lò, pupa mọ́ pupa, ó parí. Ṣùgbọ́n mo ti rí èyí tí ẹni tó ṣe é kàn lo wáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí náà ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì inú mọ́tò: nínú ọ̀pọ̀ Toyota ìgbà yẹn, búlúù onílà yẹ́lò ni iná tí kì í kú, àwọ̀ eérú ni ACC, búráùn ni earth, gíríìnì ni iná bọ́tìnì.

Ẹ má gba àwọ̀ gbọ́ tán, kódà ti Toyota. Tester lẹ máa fi wò ó, nígbà tí ẹ bá ti fa rẹ́díò àtijọ́ jáde tí ẹ sì ti dá bátìrì padà. Ẹ gán ẹnu kan mọ́ irin, ẹ fi èkejì kan wáyà: èyí tó bá tan nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ò sí níbẹ̀ rárá ni ti yẹ́lò, èyí tó bá tan nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ tó sì kú nígbà tí ẹ yọ ọ́ ni ti pupa. Bí ẹ bá gbé méjèèjì fún ara wọn, rẹ́díò máa kọrin, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa mọ́tò ló máa gbàgbé gbogbo nǹkan bí ọmọ tó jí lójú oorun. Bí ẹ bá so méjèèjì mọ́ èyí tí kì í kú, ẹ ti mọ ìtàn mi.

Sípíkà ní wáyà 8, méjì-méjì. Funfun ni iwájú lósì, eérú ni iwájú lọ́tùn-ún, gíríìnì ni ẹ̀yìn lósì, purple ni ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, èyí tó bá sì ní ìlà dúdú lára ni négátíìfù tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, négátíìfù sípíkà kì í ṣe earth. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ láyé Beetle àti Peugeot 504 ṣì máa ń dà á pọ̀ mọ́ ara mọ́tò torí àwọn rẹ́díò ìgbà yẹn gbà bẹ́ẹ̀. Rẹ́díò tòní ò gbà á, iná máa ń jáde láti ìdí méjèèjì, ẹ fi ìkan kan irin báyìí, IC rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ tó ń gbé ohùn jáde, ti jóná. Bí ó bá wá jẹ́ pé mọ́tò yín gan-an ni 504, ẹ fa wáyà tuntun méjì-méjì lọ sí ìdí sípíkà kọ̀ọ̀kan, ẹ gbàgbé èyí tó wà níbẹ̀.

Ẹ sódà wọn bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, butt connector, ìyẹn irin kékeré oníhò tí wọ́n ń ki wáyà méjì bọ̀ tí wọ́n sì ń fi páláyà tẹ̀, náà dáa. Kí ẹ wé tépù mọ́ ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ tó wá wé gbogbo ẹ̀ pọ̀. Nylon pure water, ẹ mu omi inú ẹ̀, ẹ ju ìyókù nù.

Ó kù ká wọ inú mọ́tò. Ẹ fa handbrake sókè, ẹ sọ gíà kalẹ̀ sí L kó má dí yín lọ́nà, ẹ pa mọ́tò, ẹ tú négátíìfù bátìrì kúrò, ẹ wá ṣe sùúrù fún ìṣẹ́jú àáyá 90 kí iná inú airbag ráyè tán. Ike tó yí rẹ́díò ká, kílíìpù ló di púpọ̀ nínú ẹ̀ mú, ẹ fi aṣọ wé nǹkan pẹlẹbẹ, kó má jẹ́ irin lásán, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ rọra máa fà á. Oòrùn ogún ọdún ti jẹ ike yẹn, bó bá sọ pé òun ò gbà, ẹ wá síkúrù tó fara pamọ́, ẹ má jà á. Wáyà bọ́tìnì iná hazard lè wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ tẹ etí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tú. Ẹ ó wá rí nọ́ọ̀tì 4, nọ́ńbà 10. Ẹ tú wọn sínú ìdérí ìgò kan, torí èyí tó bá já sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ó di ti ilẹ̀.

Ẹ fa rẹ́díò jáde, ẹ tẹ etí sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ẹ yọ wáyà àńtẹ́nà. Bí wọ́n bá kọ JBL sára sípíkà yín, ẹ dúró síbẹ̀ ná, amplifaya wà níbì kan nínú mọ́tò yẹn, àdàpítà tiẹ̀ yàtọ̀, ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn irin ẹ̀gbẹ́ rẹ́díò àtijọ́ ni ẹ máa tú tí ẹ máa dì mọ́ ti tuntun.

Ẹ so gbogbo ẹ̀, ẹ dá bátìrì padà, ṣùgbọ́n ẹ má tì í wọlé. Ẹ tàn án. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn sọ́tùn-ún sósì, síwájú sẹ́yìn, kí sípíkà kọ̀ọ̀kan dá sọ̀rọ̀. Bí gbogbo wọn bá ń dún tí ohùn ìlù ò sì wúwo, ó lè jẹ́ ìkan ló dorí kodò, wáyà rẹ̀ méjèèjì ti gbapò ara wọn. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ ọ́n, mo máa yọ wáyà sípíkà kúrò lára rẹ́díò, màá fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo kàn án fírí: bí awọ rẹ̀ bá yọ síta, ẹ̀gbẹ́ tí orí bátìrì wà ni pósítíìfù.

Bí FM bá ń hó ṣáá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáyà búlúù ni ẹ ò so, àńtẹ́nà inú gíláàsì ń fẹ́ iná. Bí ohùn kan bá ń sunkún tó ń lọ sókè bí ẹ ṣe ń tẹ throttle, earth ni, ẹ ha ọ̀dà kúrò lára irin kan kó mọ́ kedere, ẹ fi nọ́ọ̀tì di wáyà dúdú mọ́ ọn gírígírí. Bí fíúsì ẹ̀yìn rẹ́díò bá jó, tí wọ́n kọ 10 tàbí 15 sí i, iye náà ni kí ẹ fi pààrọ̀, ẹ má fi wáyà wé e.

Ó kù ká tì í wọlé. Ẹ ká wáyà sísàlẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ́díò tààrà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní wọlé tán. Nọ́ọ̀tì 4, hazard, ike, ẹ gbọ́ kílíìpù kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ tẹ hazard kí ẹ rí i pé ó ń tàn o, èmi gbàgbé tèmi, ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ̀.

Rẹ́díò àtijọ́ yẹn, ẹ fi tépù lẹ nọ́ọ̀tì tó bá ṣẹ́kù mọ́ ọn lára, ẹ tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta mọ́tò, ẹ fa tuntun jáde, ẹ ki ti àtijọ́ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ṣì wà lódindi, ẹ gbé tiyín lọ sínú èyí tí ẹ tún rà.