Ìwé Ẹran Lójú Ọ̀nà: Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Bi Mí Ṣáá

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yẹ ẹran wò ní Òṣogbo, ìpè kan náà ni mo sì ń gbà láàárọ̀: "Dókítà, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ wa dúró lọ́nà Ìkìrun. Ìwé wa pé, kí ni wọ́n tún ń wá?" Ìwé tí wọ́n ń sọ ni ìwé àṣẹ tí ẹ fi ń kó ẹran ọjà kiri. Ó ti sú mi láti máa dáhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìwé wà, wọn ò gbà á.
Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹ wo ibi tí ẹ ní ẹ ń lọ.

Fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù ńkọ́?
Ojúlówó ni kí ẹ mú dání.

Kí ló kan ọlọ́pàá nínú àìsàn ẹran?
Àwa dókítà ẹran la ó sọ àìsàn tó ń ṣe é. Tiwọn ni kí wọ́n bèèrè ìwé, kí wọ́n ka ẹran, kí wọ́n sì dá ọkọ̀ dúró títí a ó fi dé bí nǹkan bá rú wọn lójú. Òfin ìdènà àrùn ẹran ò fẹ́ kí ẹ kó ẹran ọjà kiri láìgbàṣẹ. Owó tí ẹ bá sì rọra fi lé wọn lọ́wọ́ ò lè mú àrùn kúrò lára ẹran.

Ìwé kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n iye ẹran ò bá a mu.
Eléyìí fojú mi rí màbo. Ewúrẹ́ 40 ló wà nínú ìwé, ọlọ́pàá ka 46. Awakọ̀ búra pé òun ò mọ nǹkan kan. Mo débẹ̀, mo yẹ ìwé wò tojú tẹ̀yìn, òǹtẹ̀ pé. A ka ẹran lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 46 ṣì ni. Ẹni tó lẹran ń pariwo lórí fóònù pé ọlọ́pàá ò mọ̀ ọ́n kà. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ọmọ ẹ̀yìn awakọ̀ tó jẹ́wọ́: wọ́n ra mẹ́fà kún un ní ọjà kan lọ́nà, torí àyè ṣì wà nínú ọkọ̀.

Ara gbogbo wọn le lójú mi lọ́jọ́ yẹn. Síbẹ̀ mo ní kí ọ̀kankan má wọ ọjà, kí wọ́n kó gbogbo wọn sínú ọgbà kan. Wọ́n bínú sí mi gan-an. Lọ́jọ́ karùn-ún, ikun bẹ̀rẹ̀ sí jáde nímú méjì nínú wọn, ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀lé e. Kátà ni, àrùn tó máa ń ràn láàárín ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ó sábà máa ń fara pamọ́ fún ọjọ́ 4 sí 6 kó tó yọjú, ó sì lè run agbo tí kò gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ rí. Ká ní ọlọ́pàá yẹn ò ka ẹran ni, inú ọjà ni ì bá ti bẹ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ra ẹran kún ẹran lọ́nà, ẹ gba ìwé tiẹ̀ níbi tí ẹ ti rà á.

Ọ̀kan kú sínú ọkọ̀ ńkọ́?
Ẹ má dúńbú rẹ̀, ẹ má bó o, ẹ má gbé e jù sígbó. Ó lè jẹ́ àrùn áńtíráàsì ló pa á. Àrùn náà, irú èyí tí wọ́n rí ní Súléjà, ìpínlẹ̀ Niger, ní oṣù Keje 2023, máa ń ran èèyàn. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì nímú tàbí nídìí rẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ pe dókítà ẹran kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ọlọ́pàá máa ṣọ́ ọkọ̀ náà títí yóò fi dé.