Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ gbé lọ́dọ̀ ìdílé ní àríwá Jámánì

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ tó gbéra lọ sí Lübeck àti Lüneburg, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ alẹ́. Nílé púpọ̀ níbẹ̀, ọ̀sán ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ gbígbóná. Tó bá di nǹkan bí aago 6 ìrọ̀lẹ́, búrẹ́dì dúdú tó ki, wàràkàṣì àti ẹran tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ tó sì ti tutù, tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, lẹ máa bá lórí tábìlì, pátákó kékeré níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan dípò àwo. Abendbrot ni wọ́n ń pè é. Ẹ má rò pé wọn ò kà yín sí o. Ohun tí àwọn fúnra wọn ń jẹ nìyẹn. Ẹ bá wọn jókòó pẹ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dùn.

“Moin” ni kí ẹ fi kí wọn, ì báà jẹ́ àárọ̀ tàbí alẹ́. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀bù máa ń tì lọ́jọ́ Àìkú, nítorí náà ẹ ra ohun tẹ́ ẹ nílò ní Sátidé. Ẹ má sì ju ike omi nù: ẹ̀rọ inú súpámákẹ́ẹ̀tì ń gbà á, sẹ́ǹtì 25 lẹ máa rí gbà padà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tó bá ní àmì pé wọ́n ń san owó ike padà lára.